Rọ́bà Tuntun, Irin Ìdílé Kan: Ìfiwéra Àwọn Ọ̀nà Tí A Lè Gbà Tún Inú Àpótí Sítíárìn Mercedes W123 Ṣe

Ọ̀nà méjì ni àpótí páwà sítíárìn ọkọ̀ Mercedes W123, ìyẹn àpótí irin tó ń fi agbára òróró bá awakọ̀ yí táyà, máa ń gbà sọ fún ẹni tó ni ọkọ̀ pé agara ti dá òun. Àkọ́kọ́ ni òróró pupa tó máa ń kán sílẹ̀ nítòsí táyà iwájú lọ́wọ́ òsì, tí yóò sì fi àmì sí ibi tí ọkọ̀ sùn mọ́jú. Èkejì ni pé kí awakọ̀ máa yí sítíárìn díẹ̀ sọ́tùn-ún àti sósì lójú ọ̀nà márosẹ̀, kí táyà má sì dá a lóhùn. Àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, oògùn wọn kò sì sí nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Rọ́bà ló sábà ń fa ti àkọ́kọ́, irin ló ń fa ti èkejì. A ṣì lè ra rọ́bà ní tuntun lónìí, ṣùgbọ́n irin inú àpótí yìí kì í ṣe ohun tí a ń rà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ra ata lọ́jà. Odidi ìdílé kan ni, inú àpótí kan náà ló sì yẹ kí gbogbo wọn ti wá. Lórí ìyàtọ̀ yìí ni mo fẹ́ fi àwọn ọ̀nà tó wà nílẹ̀ wé ara wọn.

Jámánì ni wọ́n ti ṣe W123, láti ọdún 1976 títí wọ 1986, iye tí wọ́n sì ṣe lé ní mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀. Pípọ̀ tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí ẹ̀yà rẹ̀ má tíì wọ́n tán. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló ní páwà sítíárìn láti ilé iṣẹ́. Ọdún 1982 ni wọ́n tó sọ ọ́ di ohun tó ń bá gbogbo wọn wá láìgba àfikún owó. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá àpótí lọ́jà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó bóyá ibi tí họ́ọ̀sì méjì ń gbà wọlé wà lára rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, àpótí aláìní-páwà ni, kò sì wúlò fún iṣẹ́ tí à ń sọ.

Ohun tó wà nínú rẹ̀

Ọ̀pá tó ti ọ̀dọ̀ sítíárìn wá wọ inú àpótí náà, ó sì parí sí ọ̀pá tí wọ́n fín yípo bí síkúrù. Písítìnì kan, tó tún jẹ́ nọ́ọ̀tì ńlá fún síkúrù náà, ń rìn lọ rìn bọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn bọ́ọ̀lù irin kéékèèké ló wà láàárín wọn, tí wọ́n ń yí gbirigbiri gba inú páìpù kékeré padà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ písítìnì ní eyín, eyín náà sì há mọ́ ti ọ̀pá mìíràn tó yọ jáde nísàlẹ̀ àpótí, èyí tí mo máa pè ní ọ̀pá eléyín. Òun ni apá tó ń ti táyà so mọ́. Fáàfù kan ló ń pinnu ìhà tí òróró láti inú pọ́ǹpù yóò gbà ti písítìnì.

Ẹ kíyè sí àwọn bọ́ọ̀lù yẹn dáadáa, nítorí àwọn ló fi hàn wá bí irin inú àpótí ṣe jẹ́ ìdílé. Nínú àpótí Saginaw tí ilé iṣẹ́ General Motors ń lò ní Amẹ́ríkà, bọ́ọ̀lù dúdú àti bọ́ọ̀lù funfun ni wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan funfun, ti dúdú sì fi 0.0005 íǹṣì kéré sí ti funfun. Ẹni tó bá dà wọ́n sínú abọ́ kan, tó sì tò wọ́n padà bó ṣe wù ú, yóò gbé àpótí tó ń há mọ́ra kúrò lórí tábìlì iṣẹ́. Bí ìyàtọ̀ tí ojú kò lè rí bá lè ṣe èyí, ẹ rò ó wò bí yóò ti rí bí ènìyàn bá mú síkúrù inú àpótí kan pọ̀ mọ́ písítìnì àpótí mìíràn, tí ọ̀kan ti jẹ láti ogójì ọdún tí èkejì kò sì jẹ tó bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó mú owó jáde

Púpọ̀ nínú àwọn àpótí tí wọ́n ní ó ti kú ni kò kú. Ẹ fi èpo bẹntiróò àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ara rẹ̀ mọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ wa ọkọ̀ náà fún ọjọ́ kan, kí ẹ tó padà wá fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Òróró tó bá ti ẹnu họ́ọ̀sì sun máa ń ṣàn tọ ara àpótí wá sísàlẹ̀, yóò sì dà bí ẹni pé síìlì ìsàlẹ̀, ìyẹn òrùka rọ́bà tó ń dá òróró dúró lára ọ̀pá, ló bàjẹ́. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n tú àpótí rẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé kíláàpù họ́ọ̀sì kan ló tú.

Fún ọ̀rọ̀ pé sítíárìn ń yí lófo, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa mi sítíárìn níwọ̀nba sọ́tùn-ún àti sósì, kí ẹ sì dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ kí ẹ gbé ọwọ́ lé ibi kọ̀ọ̀kan ní títẹ̀lé-n-tẹ̀lé: ohun tó so ọ̀pá sítíárìn mọ́ àpótí, orí àwọn táì-ròòdù (ọ̀pá tó so mọ́ táyà), àti búṣì (òrùka tí ọ̀pá ń yí nínú rẹ̀) apá kejì tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Búṣì yẹn kì í wọ́n, kì í sì í pẹ́ kó tó jẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìgbà tí ọ̀pá òkè bá yí tí apá ìsàlẹ̀ kò sì gbéra nìkan ni ẹjọ́ dé orí àpótí fúnra rẹ̀.

Síkúrù kan wà lórí ìdérí àpótí, nọ́ọ̀tì ló dè é, òun ni wọ́n fi ń sún ọ̀pá eléyín mọ́ eyín písítìnì. Mẹkáníìkì tó ń kánjú yóò kọ́kọ́ nawọ́ sí i. Àárín ni eyín ti máa ń jẹ jù, nítorí àárín ni a ń lò jù nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ tààrà. Bí a bá dè é títí òfo àárín fi parí, eyín ẹ̀gbẹ́ tí kò tíì jẹ yóò há gádígádí, sítíárìn kò sì ní máa padà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti yà ní kọ́nà. Ìdá kan nínú mẹ́jọ yíyí kan tó ohun tí a kọ́kọ́ ń dán wò. Bí kò bá tó, kì í ṣe síkúrù ni àpótí náà ń béèrè.

Rọ́bà: kíìtì wo ni kí a rà?

Ọ̀nà mẹ́rin ló wà. Ẹ lè ra kíìtì, ìyẹn àkójọ síìlì àti ríǹgì inú àpótí, tó ní àmì Mercedes, èyí tí ilé iṣẹ́ náà ṣì ń ṣètò fún ọkọ̀ àtijọ́, tó sì ní ẹ̀ka pàtàkì fún un ní Fellbach nítòsí Stuttgart láti ọdún 1993. Ẹ lè ra ti ilé iṣẹ́ síìlì ńlá mìíràn tó kọ orúkọ rẹ̀ sí ara páálí. Ẹ sì lè ra èyí tó wà nínú ọ̀rá aláìlórúkọ ní Ládípọ̀ ní Mushin, tàbí kí ẹ mú síìlì àtijọ́ lọ bá àwọn tó ń ta síìlì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n fi wọn ìwọ̀n.

Ti àkọ́kọ́ ló wọ́n jù, ó sì lè pẹ́ kó tó dé. Ṣùgbọ́n ẹ fún wọn ní nọ́ńbà ṣásíìsì ọkọ̀ yín, kì í ṣe ọdún rẹ̀ nìkan, nítorí wọ́n yí ohun díẹ̀ padà láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn. Nínú nọ́ńbà ẹ̀yà Mercedes, 46 ni wọ́n fi ń ṣe àmì ẹgbẹ́ sítíárìn, nítorí náà ohun tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 123 46 lè jẹ́ ti yín. Ti ilé iṣẹ́ síìlì tó lórúkọ kò fi bẹ́ẹ̀ rẹlẹ̀ sí i lójú tèmi, owó rẹ̀ sì fúyẹ́ jù ú lọ. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ tí ẹ ń wà lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, èyí ni màá ní kí ẹ rà.

Èyí tó wà nínú ọ̀rá kò wọ́n rárá, òun náà ló sì kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo rà á nígbà kan nítorí pé ọjọ́ Sátidé ni, ọkọ̀ sì ti wà lórí jáàkì. Gbogbo síìlì inú rẹ̀ ló wọlé wẹ́rẹ́, inú mi sì dùn. Kí ó tó tó oṣù kan, òróró tún ti ń kán. Nígbà tí mo tú u, mo fi èékánná tẹ ètè síìlì ìsàlẹ̀, ó le bí ike ìdérí ìgò. Ohun tó burú jù ni àwọn ríǹgì tó wà lára fáàfù. Teflon, irú ike kan tó ń yọ̀, ló yẹ kí wọ́n jẹ́, kí ríǹgì rọ́bà tín-ín-rín wà lábẹ́ wọn láti máa tì wọ́n síta. Rọ́bà lásán ni kíìtì mi fi rọ́pò wọn, ẹ̀gbẹ́ ihò irin sì ti gé ọ̀kan jẹ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka iye ríǹgì Teflon inú kíìtì kí n tó sanwó. Bí kò bá sí, tàbí tí olùtajà kò bá mọ ohun tí mo ń béèrè, mo ti lọ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ríǹgì Teflon yìí náà gba sùúrù. Kì í nà bíi rọ́bà, bẹ́ẹ̀ ni kì í yára súnkì padà. Inú omi gbígbóná ni a ń fi í sí kó rọ̀, kí a tó nà án díẹ̀ gba orí fáàfù kọjá sínú ihò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó fi nǹkan róbótó tó ní ìwọ̀n ihò àpótí yí i ká, kí ó súnkì padà kí a tó tì í wọlé. Ẹni tó bá tì í wọlé ní fífẹ̀ tó ṣì fẹ̀ yóò fá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì ní mọ̀ títí di ìgbà tí sítíárìn bá le sí ìhà kan ju ìkejì lọ.

Ti síìlì ẹlẹ́yọ kan dára fún àwọn ríǹgì rọ́bà róbótó tó wà lábẹ́ ìdérí, bí ẹ bá béèrè èyí tó ń bá òróró tí wọ́n fi epo rọ̀bì ṣe gbé. Rọ́bà tí wọ́n ṣe fún òróró bíréèkì máa ń wú tó bá kan òróró sítíárìn, ojú kò sì lè fi mọ̀ ọ́n yàtọ̀ nínú àtẹ. Fún síìlì ọ̀pá eléyín, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Síìlì ẹ́ńjìnì lè bá ìwọ̀n ihò mu láti inú dé òde, kí fífẹ̀ rẹ̀ pàápàá pé, ṣùgbọ́n kò sí ìfúnpá lẹ́yìn síìlì ẹ́ńjìnì bó ṣe wà nínú àpótí sítíárìn. Yóò yí ètè rẹ̀ padà ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá yí sítíárìn dé òpin tí ẹ sì dì í mú síbẹ̀.

Nígbà tí ojú ọ̀pá ti jẹ

Síìlì tuntun lórí ọ̀pá tó ti jẹ dà bí kí a fi ìlẹ̀kùn tuntun sára férémù tó wọ́. Ẹ fi ìka yín gba ara ọ̀pá eléyín kọjá níbi tí ètè síìlì àtijọ́ ń jókòó sí. Bí èékánná bá kọ́ síbẹ̀, ipa ti wà nínú irin. Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà bọ́ nínú èyí, wọn kò sì dọ́gba.

Èyí tí kò náni lówó ni kí a gbé síìlì tuntun dúró ní mìlímítà kan tàbí méjì síwájú tàbí sẹ́yìn ibi tí ti àtijọ́ wà, bí ihò bá fàyè gbà á, kí ètè rẹ̀ lè bọ́ sórí irin tí kò jẹ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn tó kù lọ, nítorí kò yí ohunkóhun padà. Èkejì ni páìpù irin tín-ín-rín tí wọ́n ń fi bo ojú ọ̀pá, èyí tí ilé iṣẹ́ SKF ń ṣe, tí kò sì nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́ta mìlímítà. Ó dára fún ẹ́ńjìnì púpọ̀. Nínú àpótí sítíárìn, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ibi síìlì yóò gba inú bẹ́árìn kọjá nígbà tí a bá ń ti ọ̀pá wọlé láti òkè. Bí ó bá gba ibẹ̀ kọjá, tí àyè kò sì sí, páìpù tó sanra díẹ̀ ju ọ̀pá lọ kò ní kọjá, owó ti sọnù nìyẹn. Ẹ̀kẹta ni kí àwọn tọ́nà fi kúróòmù líle bo ibẹ̀, kí wọ́n sì lọ̀ ọ́ padà sí ìwọ̀n rẹ̀ gan-an. Èyí ló péye jù, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ẹ̀rọ ìlọ̀ àti mìkírómítà tó sì mọ̀ ọ́n lò kò pọ̀; tọ́nà tó bá ní òun yóò fi ìrísí ojú wọ̀n ọ́n, ẹ gba ọ̀pá yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ eyín àti bọ́ọ̀lù ni

Níbi tí síkúrù inú, písítìnì tàbí eyín bá ti jẹ, ẹ má ṣe wá ẹ̀yà kan ṣoṣo. Odidi àpótí ni kí ẹ wá, yálà tòkunbọ̀ tàbí èyí tí àwọn alátùn-únṣe ti ṣe.

Àǹfààní tòkunbọ̀ ni pé inú rẹ̀ kò tíì pínyà rí, bí kò bá sí ẹni tó tú u. Ẹ wo ojú bóòtì ìdérí: bí sípánà bá ti gé e létí, tàbí tí ẹ bá rí síllíkónì tó yọ sí ẹ̀gbẹ́, ẹnì kan ti débẹ̀ ṣáájú yín. Ẹ di ọ̀pá òkè mú, kí ẹ yí i jẹ́jẹ́ láti òpin kan dé èkejì. Ó yẹ kó máa rìn geerege, kí ó sì wúwo díẹ̀ ní àárín. Bó bá ń kọ́ tàkì-tàkì, ojú bọ́ọ̀lù tàbí ojú síkúrù ti ń bó bí ìpẹ́. Ẹ fi ìka sínú ihò họ́ọ̀sì. Òróró àtijọ́ kò burú, ṣùgbọ́n bí ìka bá yọ pẹ̀lú ìpẹtà pupa, omi ti wọ ibẹ̀, fáàfù ni yóò sì kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.

Ẹ béèrè orílẹ̀-èdè tó ti wá pẹ̀lú. Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ọ̀nà láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, sítíárìn W123 tiwa sì wà lọ́wọ́ òsì. Àpótí tó bọ́ lára ọkọ̀ tí wọ́n wà ní Ìlú Ọba jẹ́ ti ọwọ́ ọ̀tún, kò sì sí bí a ti lè dọ́gbọ́n sí i. Ẹni tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù tó sì ń tún tirẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ti Jámánì ní ọ̀nà kan náà.

Ní ti àwọn alátùn-únṣe, púpọ̀ nínú wọn máa ń gba àpótí yín kí wọ́n sì fún yín ní òmíràn tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀. Ó yá ju dídúró lọ, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn fún ọkọ̀ tí ẹni kan ṣoṣo ti ń wà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí irin yín lè dára ju èyí tí ẹ gbà lọ. Ẹ sọ pé tiyín gan-an ni kí wọ́n tún ṣe, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ń wọn ojú ọ̀pá tí wọ́n sì ń dán an wò lórí ẹ̀rọ tó ń ti òróró sínú rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé síìlì ló ń pààrọ̀, tó sì ń kun ìta ní ọ̀dà dúdú, kò ṣe ju ohun tí ẹ lè ṣe fúnra yín lọ.

Bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà

Ẹni tó wà ní Houston tàbí Atlanta tó ń tún Chevelle tàbí Camaro àwọn ọdún 1960 ṣe wà ní ipò mìíràn. Àpótí Saginaw 800 pọ̀ lára ọkọ̀ General Motors tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń ta bọ́ọ̀lù, ríǹgì Teflon, bẹ́árìn àti ọ̀pá eléyín tuntun ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ níbẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ń ṣe odidi àpótí tuntun. Ohun tí mo sọ pé kí ẹ má ṣe dán wò lára W123 ṣeé ṣe níbẹ̀, bí ẹ bá tún ìwọ̀n bọ́ọ̀lù yàn.

Ìdẹkùn ibẹ̀ ni pé àpótí náà jọra lóde, inú sì yàtọ̀. Àwọn kan ń yí ọ̀pá ní 17.5 sí 1 (ìyẹn ni pé sítíárìn yóò yí ìlọ́po 17.5 yíyí ọ̀pá eléyín), àwọn kan ń bẹ̀rẹ̀ ní 16 sí 1 ní àárín tí wọ́n sì ń yára sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn tó yára jù wà ní nǹkan bí 12.7 sí 1. Ohun ìdádúró inú wọn kò dọ́gba pẹ̀lú, tó fi jẹ́ pé àpótí tó wọ ibi tí ẹ fẹ́ lè dín bí táyà ṣe ń yí kù, kí ọkọ̀ má lè yà nínú ọgbà mọ́. Ẹnu họ́ọ̀sì náà yí padà ní ìparí àwọn ọdún 1970, láti èyí tí wọ́n fẹ̀ lẹ́nu sí ti ríǹgì rọ́bà. Ẹni tó fipá dè é yóò ba ìfín síkúrù inú ihò jẹ́.

Ọjọ́ tí a bá dá a padà

Àpótí tuntun kò ní pẹ́ bí òróró inú pọ́ǹpù bá ṣì kún fún ìpẹ́ irin. Ẹ da gbogbo rẹ̀ nù, ẹ fọ họ́ọ̀sì, ẹ sì pààrọ̀ fíltà kékeré inú agolo pọ́ǹpù Mercedes, èyí tí púpọ̀ nínú àwọn tó ni ọkọ̀ kò mọ̀ pé ó wà. Òróró ATF, èyí tí wọ́n ń lò fún jíà aládàáṣe, ni W123 ń lò. Òróró bíréèkì kò gbọ́dọ̀ kan án. Ní ti àwọn oògùn inú ìgò tí wọ́n ní ó ń dá jíjò dúró, ńṣe ni wọ́n ń mú rọ́bà wú, lẹ́yìn náà wọ́n a jẹ́ kó rọ̀ jù.

Kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnì, ẹ gbé iwájú ọkọ̀ sókè lórí ẹsẹ̀ irin, ẹ yí sítíárìn jẹ́jẹ́ láti òpin dé òpin ní ìgbà mẹ́wàá, kí ẹ máa da òróró sí i bó bá ń lọ sílẹ̀. Bí ẹ bá tàn án tí òróró bá ń hó funfun nínú agolo, atẹ́gùn ṣì wà níbẹ̀. Ẹ pa á, ẹ dúró kó rọlẹ̀, ẹ tún yí i. Ní alẹ́, ẹ tẹ́ páálí funfun sábẹ́ àpótí kí ẹ tó lọ sùn, kí ẹ sì fi bírò ya àmì sórí rẹ̀ ní ọ̀kánkán ọ̀pá eléyín àti ní ọ̀kánkán ẹnu họ́ọ̀sì, kí ẹ lè mọ ẹni tí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá bí ilẹ̀ bá mọ́.